Ìbòrí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù lásìkò òjò: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tí àwọn onípíkọ́ọ̀pù máa ń bi wá jù nìwọ̀nyí, pàápàá láti oṣù kẹta lọ tí òjò bá ti ń ṣú. Bóyá Hilux lẹ ní o, Ranger, Navara, L200 àbí Tacoma tòkunbọ̀, ẹ máa rí tiyín níbẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á kẹ́ ẹ tó náwó, torí owó ìbòrí tó dáa kì í ṣe owó kékeré.

Ṣé ìbòrí kan wà tómi ò ní wọ̀ rárá-rárá?

Kò sí o. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kẹ́nikẹ́ni má lọ fi irọ́ gbowó lọ́wọ́ yín. Ìbòrí tó dáa máa dá èyí tó pọ̀ jù nínú òjò dúró, àmọ́ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù fúnra ẹ̀ kì í ṣe àpótí tí wọ́n dí pa, kódà àwọn tó ṣe ọkọ̀ yẹn mọ̀ọ́mọ̀ dá ihò sí i kómi lè ríbi jáde ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó, ẹ máa rí ihò níbi igun, ẹ sì máa rí àlàfo láàárín tẹ́ígéètì, ìyẹn ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ń ṣí wálẹ̀, àti ara ọkọ̀. Omi tó ń rin ẹrù kì í sábà gba àárín ìbòrí kọjá. Etí ló ń gbà: iwájú níbi tí ìbòrí ti sún mọ́ kábíìnì (ibi tí awakọ̀ ń jókòó), ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àti ìsàlẹ̀ tẹ́ígéètì tó burú jù nínú gbogbo ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n yéé béèrè ìbòrí tó le jù, kí wọ́n béèrè bí wọ́n ṣe dí etí ẹ̀.

Irú wo ló wà lọ́jà, kí ló dẹ̀ yà wọ́n síra?

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni lẹ́dà tí wọ́n ń ká bí ẹní. Ó fúyẹ́, owó ẹ̀ mọ níwọ̀n, ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣí i, tẹ́ ẹ bá dẹ̀ fẹ́ kó ẹrù gíga ẹ kàn máa ká a lọ síwájú ni, ẹ so ó mọ́ ìdí kábíìnì, ó tán. Lẹ́dà mìíràn wà tó ní férémù alumíníọ̀mù nínú, òun máa ń ṣẹ́po sọ́nà mẹ́ta.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan àwọn tó le. Ọ̀kan jẹ́ pánẹ́ẹ̀lì alumíníọ̀mù tó ń ṣẹ́po, rọ́bà wà láàárín pánẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì. Òmíràn máa ń yí wọnú àpótí kan tí wọ́n dè mọ́ ìdí kábíìnì, irú èyí tí Mountain Top ti ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì ń ṣe fún Hilux àti Ranger, ẹ máa fi ọwọ́ kan fà á sẹ́yìn tàbí kẹ́ ẹ tì í síwájú. Fáíbà ẹlẹ́yọ kan náà wà, ṣọ́ọ̀kì méjì ló ń gbé e sókè. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ni kánópì, ìyẹn èyí tó ga dé òrùlé ọkọ̀ tó ní fèrèsé, bí èyí tí Carryboy ti Táílàndì ń ṣe.

Tó bá jẹ́ omi nìkan lẹ̀ ń sá fún, fáíbà ẹlẹ́yọ kan ló borí gbogbo wọn, torí kò ní oríkèé kankan láàárín, etí mẹ́rin péré lẹ máa ṣọ́. Gbogbo oríkèé tó bá wà lára ìbòrí, ọ̀nà omi ni lọ́jọ́ tí rọ́bà ibẹ̀ bá gbó. Àmọ́ fáíbà náà ní tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé fíríìjì àbí àga lọ́jọ́ kan, ẹ ò lè ṣí i sí ìlàjì, ẹ ní láti yọ gbogbo ẹ̀, ó dẹ̀ di èèyàn méjì kẹ́ ẹ tó lè gbé e kúrò, ẹ tún ní láti ríbi gbé e sí nílé. Ẹni tó ń gbé fúláàtì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ibo ló fẹ́ gbé e sí?

Tapólì àti okùn ńkọ́? Ó ti pẹ́ tá a ti ń lò ó.

Kò sóhun tó ṣe é o, ẹni tó ń kó iṣu láti Ṣakí wá sí Bódìjà ò nílò kó lọ ra alumíníọ̀mù. Bí wọ́n ṣe ń dè é ló máa ń bà á jẹ́. Àwọn kan máa ń ki etí tapólì sínú ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n rò pé ó máa dúró dáadáa, àṣé wọ́n ti lànà fómi láti wọlé nìyẹn, torí gbogbo omi tó bá ṣàn lórí ẹ̀ inú ló máa dà sí. Ìta ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí etí ẹ̀ rọ̀ sí, kó bo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wálẹ̀ dáadáa. Kẹ́ ẹ dẹ̀ fi igi tàbí páìpù kan gbé àárín ẹ̀ sókè kó lè da omi sọ́tùn-ún sósì, tí ò bá rí bẹ́ẹ̀ omi máa dúró lójú kan, á máa wúwo, á wá fa ihò ibi okùn ya. Okùn yẹn náà, ẹ dè é ní ìbú, kẹ́ ẹ tún dè é ní gígùn, torí atẹ́gùn ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ò mọ tapólì tí wọ́n fi okùn kan ṣoṣo dè.

Báwo ni mo ṣe máa wọn ẹ̀yìn ọkọ̀ mi?

Inú lẹ máa wọ̀n, kì í ṣe ìta. Ẹ ti tẹ́ígéètì pa, kẹ́ ẹ na téèpù láti ara irin iwájú, ìyẹn èyí tó wà ní ìdí kábíìnì, títí dé inú tẹ́ígéètì, lókè níbi tí ìbòrí máa jókòó sí, kì í ṣe nílẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wọn ìbú láti etí kan dé èkejì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọdún ọkọ̀ àti irú kábíìnì tó ní.

Ọdún ṣe pàtàkì gan-an o. Hilux tí wọ́n yí padà ní 2015, ìbòrí ẹ̀ ò ní wọ èyí tó wà ṣáájú ẹ̀, bí wọ́n tiẹ̀ jọ ń jẹ́ Hilux. Kábíìnì náà bẹ́ẹ̀: ẹ̀yìn onílẹ̀kùn méjì gùn ju ti onílẹ̀kùn mẹ́rin lọ dáadáa. Ti àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà tún wá le sí i, torí ọkọ̀ kan náà, ọdún kan náà, lè ní ẹ̀yìn oríṣi méjì mẹ́ta. Tacoma láti 2005 dé 2023 ní ẹ̀yìn bíi ínṣì 60, ó tún ní ti bíi ínṣì 73. F-150 ní mẹ́ta, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àbọ̀, mẹ́fà àbọ̀ àti mẹ́jọ. Nítorí náà tẹ́ni tó ń tajà bá ní "ti Tacoma ni", ẹ bi í pé Tacoma wo.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston fẹ́ fi kan ránṣẹ́ sí mi, kí ni kí n sọ fún wọn?

Ẹ kọ́kọ́ sọ irú ọkọ̀ tẹ́ ẹ ní fún wọn dáadáa, torí Toyota kì í ta Hilux ní Amẹ́ríkà, Tacoma ni wọ́n ń tà níbẹ̀ láti 1995. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ohun kan náà ni, kì í ṣe ohun kan náà, ìbòrí Tacoma ò ní jókòó sórí Hilux láéláé. Tó bá jẹ́ Hilux, Navara tàbí L200 lẹ ní, ẹ wá a lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó ọjà wá láti Táílàndì, South Africa tàbí Dubai, ìyẹn ló máa rọrùn. Tó bá jẹ́ Tacoma, Tundra tàbí F-150, ẹ̀gbọ́n yín ló máa bá yín rí i jù.

Lẹ́dà tó ń ká ló dáa jù láti fi ránṣẹ́, páálí ẹ̀ gùn àmọ́ kò fẹjú. Fáíbà ẹlẹ́yọ kan, ẹ gbàgbé ẹ̀, àyè tó máa gbà nínú kọ̀ńténà pọ̀, ó dẹ̀ lè là. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má yọ ọ́ nínú páálí rárá, kí wọ́n dẹ̀ ka kíláǹbù (irin tó ń di ìbòrí mú mọ́ etí ọkọ̀) àti bóòtù inú ẹ̀ kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, torí kíláǹbù ẹyọ kan tó bá sọnù, ẹ lè wá a káàkiri Ládìpọ̀ kẹ́ ẹ má rí i.

Ọkọ̀ mi ní irin róbótó lẹ́yìn kábíìnì, rọ́bà dúdú dẹ̀ wà nínú ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Ṣé kò ní dí ìbòrí lọ́wọ́?

Ó lè dí i lọ́wọ́. Irin róbótó yẹn, ọ̀pọ̀ Hilux àti Ranger ló ní in, ìbòrí tó bá máa wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti ro tirin mọ́ ọn, pẹ̀lú ihò àti rọ́bà tiẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ fi sísọ́ọ̀sì gé e fún yín níwájú yín, ẹ má gbà, ibi tí wọ́n gé yẹn gan-an lomi máa gbà.

Ti rọ́bà inú, oríṣi méjì ló wà. Èyí tí ò bo etí ọkọ̀, kò sí wàhálà. Èyí tó gun orí etí ọkọ̀ tó bò ó, kíláǹbù ò ní rí irin dì mú, rọ́bà ìbòrí náà á kàn jókòó sórí ike tí ò tẹ́jú, omi á máa gbabẹ̀ yọ́ wọlé. Ẹ ní láti gé etí rọ́bà yẹn níbi tí kíláǹbù máa wà tàbí kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò, kẹ́ ẹ fi kíkùn tó nípọn rọ́pò ẹ̀.

Wẹ́dà àdúgbò wa ní òun lè fi páànù ṣe é fún mi. Ṣé kí n jẹ́ kó ṣe é?

Mo mọ àwọn wẹ́dà tọ́wọ́ wọn mọ́ gan-an, tó ṣe é tó dáa, mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ má ṣe é. Àmọ́ ẹ bá wọn jókòó kẹ́ ẹ tó fowó sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀ sápá ẹ̀yìn kómi lè máa ṣàn lọ. Ẹ ní kí wọ́n tẹ etí ẹ̀ wálẹ̀ kó kọjá etí ọkọ̀, kómi lè máa kán sílẹ̀ níta, torí páànù pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn gbé lé ọkọ̀, abẹ́ ẹ̀ lomi máa yí gbà wọlé. Kí wọ́n fi rọ́bà ilẹ̀kùn ọkọ̀ yí abẹ́ ẹ̀ po, ó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta pààtì ní Àrárọ̀mí, lágbègbè Agodi Gate, n'Ìbàdàn, wọ́n ń wọ̀n ọ́n tà. Kí wọ́n kùn ún nínú àti níta kó tó kúrò lọ́wọ́ wọn, ojú ibi tí wọ́n jó ló máa kọ́kọ́ dípẹtà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni bó ṣe máa ń wúwo. Irin tó nípọn tí ṣọ́ọ̀kì tó ń gbé e ò lágbára, lọ́jọ́ tí ṣọ́ọ̀kì bá kú ó lè já lu èèyàn lọ́rùn nígbà tó ń yọ ẹrù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀pá kan sí i tẹ́ ẹ lè fi gbé e ró.

Oòrùn àti ọyẹ́ ńkọ́? Òjò nìkan kọ́ ló ń dà wá láàmú.

Òótọ́ ni. Oòrùn ló ń pa lẹ́dà kì í ṣe òjò, ó máa ń fa ọ̀rá inú ẹ̀ gbẹ, á wá máa le, á máa sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níbi tó ń ṣẹ́po. Tẹ́ ẹ bá ń páàkì síta látàárọ̀ dalẹ́ lójoojúmọ́, alumíníọ̀mù ló máa bá yín kalẹ́. Tẹ́ ẹ bá dẹ̀ ń gbé lápá òkun, bíi Lẹ́kí, Badagry tàbí Kútọnu, ẹ rí i pé bóòtù ẹ̀ jẹ́ èyí tí kì í dípẹtà, torí iyọ̀ inú atẹ́gùn ibẹ̀ máa jẹ irin lásán láàárín àkókò díẹ̀, á tún máa ba alumíníọ̀mù tó kàn án jẹ́.

Eruku ọ̀nà pupa tún wá burú ju òjò lọ láti dí, ó máa ń wọ ibi tómi ò lè wọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn máa ń yí padà lẹ́yìn tẹ́ígéètì, òun ló ń fa eruku wọlé látìsàlẹ̀. Rọ́bà tẹ́ígéètì ló máa dín in kù, wọ́n ń tà á lọ́tọ̀, kò dẹ̀ wọ́n. Tí mo bá ní kẹ́ ẹ ra nǹkan kan ṣoṣo lẹ́yìn ìbòrí, òun ni.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé wọ́n fi í sí dáadáa?

Ẹ má kúrò níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó dán an wò. Ẹ mú bébà tínńrín kan, owó bébà náà máa ṣe é, ẹ fi sórí etí ọkọ̀, kẹ́ ẹ ti ìbòrí lé e, kẹ́ ẹ wá rọra fà á. Tó bá yọ́ jáde gbẹrẹfu, rọ́bà ò tẹ ibẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tún kíláǹbù ibẹ̀ fún. Ẹ ṣe é yípo, kẹ́ ẹ má fo igun kankan, torí igun iwájú méjèèjì ló sábà máa ń ṣí sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn gbígbẹ sínú ẹ̀yìn ọkọ̀ látòkè délẹ̀, ẹ ti gbogbo ẹ̀ pa, kẹ́ ẹ gbé họ́ọ̀sì omi. Ẹ jẹ́ kómi máa rọ̀ sílẹ̀ látòkè fúngbà díẹ̀ bí òjò ṣe ń rọ̀, ẹ má lo ẹ̀rọ táwọn tó ń fọ ọkọ̀ ń lò o, ìyẹn máa ti omi gba inú rọ́bà tó dáa pàápàá. Tẹ́ ẹ bá ṣí i, ìwé ìròyìn yẹn máa sọ gbogbo ẹ̀ fún yín: ibi tó tutù níwájú, rọ́bà ìdí kábíìnì ni, ibi tó tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìlà gígùn, etí ọkọ̀ ni, tó bá jẹ́ ẹ̀yìn nìkan ló rin, tẹ́ígéètì ni. Ẹ wo inú àwọn ihò onígun mẹ́rin tó wà lórí etí ọkọ̀ náà, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí ẹ̀, omi máa ń gbabẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́.

Ìbòrí mi tó ń yí wọnú àpótí ò jò tẹ́lẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò ni. Kí ló ṣe é?

Páìpù ẹ̀ ló dí. Àpótí yẹn máa ń gba omi díẹ̀ sínú, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, páìpù rọ́bà méjì ló wá ń gbé omi yẹn gba igun ọkọ̀ jáde sílẹ̀. Ewé àti eruku máa ń dí i, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń páàkì sábẹ́ igi máńgòrò, omi á wá kún àpótí, á dà sórí ẹrù. Ẹ tú páìpù yẹn, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lọ́dọ̀ fọ́kanáísà, kẹ́ ẹ dà omi sí i kẹ́ ẹ rí i pé ó ń jáde nísàlẹ̀. Ẹ ṣe é kí òjò oṣù kẹrin tó dé, kẹ́ ẹ tún un ṣe kí òjò oṣù kẹsàn-án tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣé olè ò ní ṣí i?

Lẹ́dà ò dá olè dúró, ọ̀bẹ kékeré ti tó o. Ohun tó ń ṣe ni pé kò jẹ́ kí wọ́n rí ohun tẹ́ ẹ gbé, ìyẹn náà dẹ̀ ràn yín lọ́wọ́ nínú gó-siló. Alumíníọ̀mù àti fáíbà ní kọ́kọ́rọ́, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn ò wúlò tí tẹ́ígéètì yín ò bá ní tiẹ̀, ẹni tó bá ti fà á lulẹ̀ ti ráàyè kó gbogbo ẹ̀. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sí tẹ́ígéètì kẹ́ ẹ tó ronú kan ìbòrí olówó ńlá.

Ṣé mo lè gbé ẹrù lé e?

Lẹ́dà, rárá. Àwọn tó le, ó dọwọ́ èyí tẹ́ ẹ rà: BAKFlip MX4, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn pánẹ́ẹ̀lì alumíníọ̀mù tó ń ṣẹ́po, kọ ọ́ pé òun lè gbé 400 pọ́n-ùn, bíi 180 kílò, tẹ́ ẹ bá tẹ́ ẹrù náà káàkiri. Kì í ṣe kéèyàn gun orí ẹ̀ kó dúró sójú kan o.

Kí ni mi ò gbọ́dọ̀ kó sábẹ́ ìbòrí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka eléyìí dáadáa. Sìlíńdà gáàsì ò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìbòrí tí wọ́n tì pa. Gáàsì ìdáná wúwo ju atẹ́gùn lọ, tó bá ń jò díẹ̀díẹ̀ kò ní fò lọ, ilẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ ló máa sùn sí, ìbòrí tó dí dáadáa á tún bá a há a mọ́bẹ̀, iná kékeré ló kù. Jálá pẹtiróòlù náà bẹ́ẹ̀, ooru ẹ̀ máa ń kóra jọ. Tẹ́ ẹ bá dẹ̀ fẹ́ ra epo sínú jálá, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó rọ ọ́, ẹ má rọ ọ́ nígbà tó wà lórí rọ́bà inú ọkọ̀, iná lè ṣẹ́ níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ ti táàpù epo ẹ̀.

Àgbò Iléyá, ewúrẹ́, ajá, ẹ má tì wọ́n mọ́bẹ̀. Abẹ́ alumíníọ̀mù tóòrùn ń pa máa gbóná débi pé ẹran lè kú kẹ́ ẹ tó délé. Ti èèyàn, kò tiẹ̀ yẹ ká máa sọ ọ́, àmọ́ mo máa sọ ọ́: èéfín ẹ́sọ́ọ̀sì máa ń yí padà wọ abẹ́ ìbòrí àti kánópì nígbà tọ́kọ̀ bá ń lọ, kò sí òórùn tó máa kìlọ̀ fẹ́ni tó wà níbẹ̀ dáadáa kó tó dákú. Ẹ má gbé ọmọ iṣẹ́ síbẹ̀, kódà kó jẹ́ àdúgbò kejì péré, kódà kójò máa rọ̀.

Sìmẹ́ǹtì, gààrí, ẹja gbígbẹ, ẹ gbé wọn sórí pálẹ́ẹ̀tì tàbí pákó kí wọ́n má kan ilẹ̀ ọkọ̀. Ìbòrí tó dáa jù náà lè jẹ́ kómi díẹ̀ yọ́ wọlé, ilẹ̀ ló dẹ̀ máa ń ṣàn sí.

Ṣé òótọ́ ni pé ó ń dín epo tí ọkọ̀ ń jẹ kù?

Tó bá dín in kù, díẹ̀ ni. Ẹ má tìtorí epo rà á.

Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú ẹ̀?

Omi àti ọṣẹ tí ò le, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ. Rọ́bà ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ jù, ẹ máa fi sílíkọ́ọ̀nù fífín pa á lóṣù mélòó kan síra. Ẹ má fi ẹ́ńjìnì ọ́ìlì pa á, ẹ má fi faselíìnì pa á, ó máa dán lónìí ni, tó bá yá rọ́bà á wú, á rọ̀, á wá já. Ẹ tún kíláǹbù wò lẹ́yìn oṣù àkọ́kọ́, gbígbọ̀n ọ̀nà máa ń tú u.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, èwo lẹ máa rà?

Oníṣòwò tó ń kó ọjà tómi ò gbọ́dọ̀ kàn, tó dẹ̀ níbi tó ń gbé ọkọ̀ sí, kó ra fáíbà ẹlẹ́yọ kan. Kọ́ńtírákítọ̀ tónìí ẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ǹtì, ọ̀la ẹ̀ jẹ́ páìpù gígùn, kó ra pánẹ́ẹ̀lì alumíníọ̀mù tó ń ṣẹ́po, torí ó lè ṣí i ní ìlàjì. Èyí tó ń yí wọnú àpótí dùn ún lò, àmọ́ àpótí yẹn máa jẹ bíi ínṣì 10 sí 12 nínú àyè yín, lórí Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin tí ẹ̀yìn ẹ̀ ò ju bíi mítà kan àbọ̀ lọ, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tówó ò tíì tó, kó ra lẹ́dà tó ń ká, kó fi ìyókù ra rọ́bà tẹ́ígéètì, ó máa gbẹ ju ẹni tó ra olówó ńlá tí ò dí etí ẹ̀.

Tí mo bá fẹ́ ta ọkọ̀, ṣé mo lè tú u?

Èyí tí wọ́n fi kíláǹbù dè, ẹ lè tú u láàárọ̀ kan, kò ní fi àpá sílẹ̀. Èyí tí wọ́n lu ihò sí ọkọ̀ fún, ihò yẹn máa wà níbẹ̀, ẹ fi kíkùn pa etí ẹ̀ kẹ́ ẹ dẹ̀ fi rọ́bà dí i, pàápàá lára Hilux tó jẹ́ irin. Tacoma ò ní wàhálà ìpẹtà níbẹ̀, láti 2005 ni inú ẹ̀yìn tiẹ̀ kì í ti í ṣe irin. Ìbòrí tẹ́ ẹ bá tú, ẹ tọ́jú páálí àti ìwé ẹ̀, ẹni tó ní irú ọkọ̀ yín, ọdún yín, máa rà á lọ́wọ́ yín.